Àwọn obìnrin tó ń pa iná ìjà ẹ̀sìn ní Plateau, àti ibi tí agbára wọn mọ

Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Ààrẹ Donald Trump ti kéde pé òun yóò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn wọn ń kọ Amẹ́ríkà lóminú, ariwo kan ló gbòde. Àwọn kan ní Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n fẹ́ pa run. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọ́n ní Mùsùlùmí náà ń ṣòfò ẹ̀mí. Ìpínlẹ̀ Plateau wà lára àwọn ibi tí orúkọ wọn ń jáde jù nínú awuyewuye náà. Oníkálukú ń ka òkú tirẹ̀ síta. Ẹni tó ń béèrè abúlé tó kù díẹ̀ kó jóná tí kò jóná kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń béèrè ẹni tó dá iná náà dúró kò pọ̀ rárá.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Plateau, obìnrin ni. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà, obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà nọ́nọ̀, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, aláàjà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Bí wọ́n bá sì ti dárúkọ wọn, ìyìn kan náà ni wọ́n máa ń gbọ́: pé aláàánú ni obìnrin, pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ kó má tatí wéré. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyìn yẹn ń bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n, tó ní ewu, tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀. Bí a bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, a ó mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jà. Ìwakùsà tánńganran ló sọ Jos di ìlú ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Hausa wá, Ìgbò wá, Yorùbá náà wá. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló ti bímọ, tó ti rí ọmọ-ọmọ níbẹ̀. Àwọn Berom, Afizere àti Anaguta ní àwọn ni onílẹ̀. Àwọn Hausa tí baba ńlá wọn kú sí Jos ní àwọn kì í ṣe àlejò mọ́. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ló ń ṣí ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba, òun ló ń mú kó rọrùn fún ọmọ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun náà ló ń sọ ẹni tó lè dupò nílé. Nígbà tí ìjọba ológun Babangida dá ìjọba ìbílẹ̀ àríwá Jos sílẹ̀ ní 1991, ńṣe ni wọ́n da epo síná, torí ìbéèrè tó kàn ni ta ni yóò jẹ alága níbẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1994. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ Jímọ̀, ó tún bẹ́, ó sì kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò: Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ṣírò àwọn tó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan sí nǹkan bí 1,000. Ní oṣù kọkànlá 2008, lẹ́yìn ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tún lọ sí i.

Nítorí pé Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ àwọn onílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ Hausa àti Fúlàní sì jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ipò wọ aṣọ ẹ̀sìn. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀sìn kò lọ́wọ́ sí i. Jos ni olú-iléeṣẹ́ ìjọ COCIN àti ìjọ ECWA wà, Jos náà sì ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Izala sílẹ̀ ní 1978. Ìlú tí ẹ̀sìn fìdí múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ìjà ipò bá dé bá a, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ni iná máa ń kọ́kọ́ rí. Bí ìjà ṣe ń tẹ̀lé ìjà, àwọn èèyàn kó kúrò láàárín ara wọn. Adúgbò kan di ti Mùsùlùmí pátá, èkejì di ti Kìrìsìtẹ́nì. Ọlọ́kadà tó bá ṣèèṣì yà sí òdìkejì nígbà tí nǹkan gbóná lè má padà wálé mọ́.

Ọdún 2010 burú jáì fún àwọn abúlé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní, wọ́n ya bo Kuru Karama, abúlé kan tó wà ní ẹ̀yìn Jos, wọ́n pa àwọn Mùsùlùmí tó lé ní 150, wọ́n sì ju òkú àwọn mìíràn sínú kànga. Ní òru ọjọ́ 7 oṣù kẹta, wọ́n wọ Dogo Nahawa, abúlé àwọn Berom tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí abúlé méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá dárúkọ ọ̀kan tó fo èkejì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn Dogo Nahawa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin wọ aṣọ dúdú, wọ́n gbé Bíbélì àti àgbélébùú dání, wọ́n sì rìn gba ìgboro Jos kọjá. Pásítọ̀ Esther Ibanga ló kó wọn jáde, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì àgbà ilẹ̀ wa kó tó di olùdásílẹ̀ ìjọ. Kò pẹ́ sí i, àwọn obìnrin Mùsùlùmí náà tú jáde, torí àwọn náà ní òkú tí wọ́n ń sunkún lé. Khadija Gambo Hawaja wà lára àwọn tó ṣaájú wọn. Ìlú kan, ọ̀fọ̀ méjì, àwọn ọlọ́fọ̀ kò sì wo ojú ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Ibanga wá Hawaja lọ. Ẹ wo bí ìgbésẹ̀ yẹn ti wúwo tó: bí àwọn èèyàn rẹ bá rí i pé ìwọ ń bá ọ̀tá jókòó lẹ́yìn ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni wọn yóò pè ọ́. Àwọn obìnrin méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé ohun kan náà ló ń jẹ àwọn lọ́kàn. Ọmọ àwọn ni wọ́n ń pa, ọmọ àwọn náà ni wọ́n ń rán láti lọ pa ọmọ ẹlòmíràn. Láti inú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Women Without Walls Initiative ti jáde lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ tí obìnrin ẹ̀sìn méjèèjì àti ẹ̀yà oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Ní 2015, wọ́n fún Ibanga ní ẹ̀bùn àlàáfíà Niwano ní Japan. Ẹ̀bùn náà dára. Àmọ́ ìgbòkègbodò tó mú un wá, nílé nílé, láti adúgbò kan sí èkejì, ni mo fẹ́ kí á wò dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin abúlé ní ni ìròyìn. Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń rin láti àgọ́ wọn wá sí abúlé àwọn Berom pẹ̀lú igbá nọ́nọ̀ àti fúrá lórí. Wọ́n ń tà, wọ́n ń fi wàrà gba ọkà, wọ́n ń jókòó ní ìsàlẹ̀ igi pẹ̀lú àwọn oníbàárà wọn tí wọ́n ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n mọ ẹni tó bímọ, wọ́n mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n mọ ẹni tí màlúù wọ oko rẹ̀ lóru àná. Bí obìnrin oní-nọ́nọ̀ kò bá wá lọ́jọ́ ọjà rẹ̀, tí kò sí òjò, tí kò sí ọdún Iléyá, obìnrin tó ń retí rẹ̀ ti mọ̀ pé nǹkan wà. Bí aládùúgbò bá ń kó ẹrù jáde lóru, bí ìyá kan bá lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé kí aago tó lù, bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ń ra bẹntiróòlù sínú jálá láìní ọ̀kadà, obìnrin ló máa kọ́kọ́ rí i, torí ojú ọ̀nà àti ìdí kànga ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́pàá kò lè rí èyí. Ọ̀pọ̀ baálé náà kò rí i.

Ohun kejì ni pé wọ́n lè pa àhesọ. Nínú ìjà 2010, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ló ń gbé iná káàkiri: pé wọ́n ti fi májèlé sínú oúnjẹ tí àwọn tọ̀hún ń tà, pé wọ́n ń bọ̀ lálẹ́ òní, pé wọ́n ti pa ọmọ wa ní òdìkejì odò. Lónìí, WhatsApp àti Facebook ló gba iṣẹ́ náà. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá balẹ̀ sí abúlé, àkókò díẹ̀ ló wà kí àwọn ọ̀dọ́ tó mú àdá. Nínú àkókò díẹ̀ yẹn, obìnrin tó ní nọ́ńbà obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn yòókù á pè é: "Wọ́n ní wọ́n pa ọmọ kan lọ́dọ̀ yín, ṣé òótọ́ ni? Jáde lọ wò ó, kí o pè mí padà." Bí ó bá jẹ́ irọ́, òun ló máa lọ bá ìyá àwọn ọ̀dọ́ náà, ìyá á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á mọ irú ẹni tó kú, ohun tó pa á, àti ibi tó yẹ kí àwọn àgbà gbà kí ẹ̀san tó gbòde. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín àwọn méjì kan kí wàhálà tó dé. A kì í dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èéfín bá ti ń rú.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé náà kò ní ohun àrà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹgbẹ́ tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Zumunta Mata lédè Hausa, ó sì wà dé abúlé tó kéré jù. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní FOMWAN, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 káàkiri Nàìjíríà, àti ilé kéwú àwọn ìyá. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ní ìpàdé, ti ní akọ̀wé, ti ní owó kékeré nínú àpótí. Nígbà tí olórí Zumunta Mata àti aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ aláàjà bá fi ẹgbẹ́ méjì yìí mọ ara wọn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà náà ń ṣe tirẹ̀. Ní Farin Gada, ọjà ẹ̀fọ́ àti tòmátì ní Jos, oko Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ẹrù ti ń wá, Mùsùlùmí sì pọ̀ lára àwọn tó ń rà á tí wọ́n ń kó o lọ. Bí ìjà bá ti ọjà pa, tòmátì á jẹrà sí oko. Àjọ owó tí àwọn obìnrin ń dá, tí àwọn Hausa ń pè ní adashi, náà wà níbẹ̀: obìnrin tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé kejì kì í fẹ́ kí ilé kejì jóná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ owó ń dín iyì àlàáfíà kù. Àlàáfíà tí kò bá lówó nínú kì í pẹ́.

Ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe wà ní Dadin Kowa, adúgbò kan ní Jos tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé. Nígbà tí adúgbò tó yí i ká ń jóná ní 2001, 2008 àti 2010, wọn kò pa ara wọn níbẹ̀. Jana Krause, onímọ̀ nípa ogun àti àlàáfíà, ti ṣe ìwádìí tó gbòòrò lórí rẹ̀. Kì í ṣe oríire. Àwọn olórí ẹ̀sìn méjèèjì ṣe àdéhùn, àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì jọ ń ṣọ́ òru, àwọn obìnrin méjèèjì sì ń pàdé, wọ́n ń bá ọkọ àti ọmọ wọn sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí á mú nínú rẹ̀ ni pé obìnrin nìkan kọ́ ló ṣe é. Níbi tí àwọn ọkùnrin ti dì í mú lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn obìnrin sì dì í mú nínú ilé, ibẹ̀ ló dúró.

Òótọ́ kan wà tó korò, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ti dáná ìjà yìí rí. Àwọn kan se oúnjẹ fún àwọn tó ń jà, àwọn kan kó òkúta fún wọn, àwọn kan fi ẹnu ṣáátá ọ̀dọ́kùnrin tó kọ̀ láti jáde pé ojo ni. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀ lè fẹ́ ẹ̀san ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ pé àbínibí ni àlàáfíà jẹ́ fún obìnrin. Ẹni tó yàn án ló yàn án, lójú ọ̀fọ̀ tirẹ̀, ìpinnu yẹn sì tóbi ju ọkàn rírọ̀ lọ.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu àwọn abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Barkin Ladi. Ìmáàmù Abdullahi Abubakar ní abúlé Nghar gba Kìrìsìtẹ́nì 262 sílé. Ó kó àwọn obìnrin sínú ilé ara rẹ̀, ó kó àwọn ọkùnrin sí mọ́sáláṣí, ó sì bẹ àwọn agbébọn títí wọ́n fi lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà dá a lọ́lá ní 2019, ó sì tọ́ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé tó bá gba èèyàn tó pọ̀ tó yẹn kì í ṣe ẹnì kan ló ń dá a gbé. Ẹnì kan ní láti pọnmi, ẹnì kan ní láti dáná, ẹnì kan ní láti rẹ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Orúkọ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wọ ìwé ìròyìn.

Kí àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yorùbá má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. A máa ń yangàn pé nínú ilé kan náà ni a ti ń bá ara wa ṣe Kérésìmesì àti Iléyá, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, ní Ìjàgbó, ní Kwara, ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2022, ìjà lórí híjáàbù bẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ìwé girama Oyun Baptist, èèyàn kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Àwọn ìyá tó jọ ń tajà ni àwọn ọmọ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè ilé-ìwé yẹn.

Ibi tí agbára àwọn obìnrin Plateau mọ ni mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn òde òní ti ń kọsẹ̀. Ohun tí mo ti ń ṣàpèjúwe lè dá ìjà aládùúgbò àti aládùúgbò dúró. Kò lè dá àwọn tó gun ọ̀kadà wá lóru láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, pẹ̀lú ìbọn ńlá lọ́wọ́. Ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2023, wọ́n kọlu ọ̀pọ̀ abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, àwọn tó kú lé ní 140. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n wọ Zike ní ìjọba ìbílẹ̀ Bassa, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 50. Kò sí obìnrin tó ní nọ́ńbà agbébọn lórí fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ nìyẹn, àìṣe é sì ń ba iṣẹ́ àwọn obìnrin jẹ́, torí lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀, ojú apànìyàn ni wọ́n fi ń wo gbogbo Fúlàní, títí kan obìnrin oní-nọ́nọ̀.

Ohun kejì tí wọn kò lè ṣe ni láti yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀nà màlúù àti ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sí níbẹ̀ ni. Mai angwa tó ń ṣàkóso adúgbò, ọkùnrin ni. Ardo, olórí àwọn Fúlàní, ọkùnrin ni. Gbong Gwom Jos, ọba àwọn Berom, ọkùnrin ni. Lábẹ́ àṣà, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, obìnrin kì í jogún oko, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá jókòó lórí ààlà oko, wọn kì í pè é. Òun ló ń ro oko náà ṣá o. Òun ló sì ń sá kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Plateau. Láàárín 1992 sí 2019, nínú àwọn ìjíròrò àlàáfíà ńlá lágbàáyé, UN Women, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, ṣírò pé obìnrin jẹ́ ìdá 13 nínú 100 àwọn tó ń dúnàádúrà, àti ìdá 6 nínú 100 àwọn olùlàjà. Ní Liberia, àwọn obìnrin Kìrìsìtẹ́nì tí Leymah Gbowee ṣaájú àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí Asatu Bah Kenneth kó wá jọ wọ aṣọ funfun ní 2003, wọ́n jókòó nínú oòrùn àti òjò títí Charles Taylor, ààrẹ wọn, fi gbà láti gbọ́ wọn. Nígbà tí ìjíròrò láti fòpin sí ogun ilẹ̀ wọn wá bẹ̀rẹ̀ ní Ghana, ìta ni wọ́n wà. Ní oṣù keje, wọ́n fi ara wọn dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, Gbowee sì ní òun yóò bọ́ra síhòòhò bí wọ́n bá fọwọ́ kàn òun. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ Nàìjíríà tó ń darí ìjíròrò náà, ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Kí ló dé tí obìnrin fi ní láti halẹ̀ ìhòòhò kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó mọ̀?

Nàìjíríà ti tẹ́wọ́ gba ìpinnu 1325 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tó jáde ní ọdún 2000, tó ní kí obìnrin wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlàáfíà, ó sì ti kọ ètò tirẹ̀ sílẹ̀ láti 2013. Obìnrin ni igbákejì gómìnà Plateau lónìí, Josephine Piyo, láti oṣù karùn-ún 2023. Plateau ti ní àjọ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti 2016. Ní Abuja, wọ́n ń jiyàn lórí àbá òfin tí yóò fi àga sílẹ̀ fún obìnrin nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí obìnrin 3 péré ti wọlé sínú sẹ́nétọ̀ 109 ní ìbò 2023. Mo fẹ́ kí àbá náà kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ààbò abúlé kò nílò àtúnṣe ìwé òfin kankan. Kí mai angwa àti ardo pe olórí Zumunta Mata àti aláàjà sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n fún wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń pín ọ̀nà màlúù, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì san owó ìpè àti owó ọkọ̀ wọn: ọ̀sẹ̀ yìí náà ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀, kí àgbàdo tó yọ, kí màlúù tó tún wọ oko.